Gbèsè Tí A Kò Bá Wọn Yá: Ta Ni Yóò San Án?

  

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọmọ kékeré kan ni ó gbé e ka iwájú mi. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ilé kéú, mo ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí Ànábì wa, ìkẹ́ Ọlọ́hun kí ó máa bá a, ṣe ka ọ̀rọ̀ gbèsè sí. Mo sọ fún wọn bí wọ́n ṣe gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú rẹ̀, tí ó béèrè bóyá ó jẹ gbèsè, tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, díínárì méjì, tí kò sì kírun sí i lára títí Abú Kọ́tàdà fi gba gbèsè náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní: "Àáfà, mo gbọ́ nínú rédíò pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó jẹ gbèsè, àti ọmọ tí wọ́n bí lánàá pàápàá. Ìgbà wo ni mo yá owó náà? Bí mo bá kú, ṣé wọn kò níí kírun sí mi lára ni?"

Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jókòó, mo sì ṣèlérí pé n óò dá a lóhùn. Ìdáhùn náà nìyí. Mo mú un wá síwájú ẹ̀yin òbí nítorí pé ìbéèrè náà ju ti ọmọdé lọ.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA SỌ

Áyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì alápọ̀n-ọ́nlé, èyí tí í ṣe áyà 282 nínú Súrátù Bàkọ́rà, kì í ṣe orí ìrun ni ó dá lé, kì í ṣe orí ààwẹ̀. Orí gbèsè ni. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí wọn yóò kọ, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Bí onígbèsè bá jẹ́ aláìlóye tàbí aláìlágbára, alámòójútó rẹ̀ ni yóò bá a pè é, pẹ̀lú òdodo. Áyà 280 sọ fún wa pé bí ara bá ń ni onígbèsè, kí á mú sùúrù fún un títí ara yóò fi tù ú. Láti áyà 275 ni Ó sì ti ka owó èlé léèwọ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: alámòójútó. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn lè yáwó fún un. Nítorí náà, a kò lè fi ìkánjú dá ọmọ yẹn lóhùn pé, "Ìwọ kọ́ ni o yá a, kò kàn ọ́." Gbèsè tí alámòójútó yá láti fi bọ́ ọmọ òrukàn, ohun ìní ọmọ òrukàn náà ni ó máa ń san án. Sayyidunà Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, fi ara rẹ̀ wé alámòójútó ọmọ òrukàn nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú. Bí olórí bá jẹ́ alámòójútó, tí ará ìlú sì jẹ́ ọmọ òrukàn, ohun tí ó yẹ kí á wádìí ni èyí: nígbà wo ni gbèsè alámòójútó ń di gbèsè ọmọ, nígbà wo ni kì í dì í?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÈMI FÚNRA MI

N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí tèmi wà nílẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo máa ń ta aṣọ láwìn fún ọkùnrin kan. Ó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú fi sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ náà ni a ń kọ sínú ìwé. Àwìn àkọ́kọ́, ó tà á, ó san owó mi pé, ó sì fi èrè rẹ̀ tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣe. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé aṣọ mi kò dé orí àtẹ. Níbi ìnáwó rẹ̀ ni mo ti rí aṣọ náà lára àwọn ènìyàn. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo tún di ẹrù fún un, nítorí mo sọ nínú ọkàn mi pé ṣọ́ọ̀bù kì í sá lọ. Bí kò bá rí owó san, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀.

Nígbà tí ó kú, tí ìmáàmù dìde níbi ìsìnkú tí ó ní kí ẹni tí òkú bá jẹ lówó wá rí àwọn ẹbí, èmi ni mo mú ìwé jáde. Mo ní kí àwọn ọmọ náà san án, tàbí kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù fún mi títí owó mi yóò fi pé. Àwọn àgbà pe gbogbo wa jọ. Ọ̀kan nínú wọn, àgbà àáfà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nígbà tí o ń gbé aṣọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta fún un, ta ni ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé ó fẹ́ lò ó?" N kò rí èsì fọ̀.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà báyìí. Ohun tí ó bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, kí ṣọ́ọ̀bù san án. Ohun tí alámòójútó ná fún ara rẹ̀, kí á wá a nínú ogún tirẹ̀. Ibi tí ogún rẹ̀ kò bá ká, kí èmi tí mo mọ̀ tí mo sì ń gbé ọjà fún un forí fá a. Ó dùn mí lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n yọ mí kúrò nínú iná ni.

ÀWỌN AYÁNILÓWÓ ÀGBÁYÉ

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìdájọ́ yìí wá sórí gbèsè orílẹ̀-èdè. Ní oṣù keje ọdún 1944, nígbà tí ogun Hitler kò tíì parí, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pète àjọ méjì. Èkíní ni IMF, tí ń yá ìjọba lówó nígbà tí owó òkèèrè bá gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni Báńkì Àgbáyé, tí ń yáni lówó fún iṣẹ́ bí ìdídò, ojú ọ̀nà àti ilé ìwé. Àwa kò sí níbẹ̀, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a wà. Ọdún 1961 ni Nàìjíríà wọ inú àjọ méjèèjì. Bí orílẹ̀-èdè bá ṣe lówó níbẹ̀ tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń tó. Amẹ́ríkà nìkan ní ju ìdá 16 lọ nínú 100 ìbò IMF. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ìdá 85 kí wọ́n tó kọjá. Bí Amẹ́ríkà nìkan bá kọ̀, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀ nìyẹn.

Irú nǹkan báyìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Lọ́kọ́ja. Ìlú wa yìí ni Lugard ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900. Ṣáájú ọjọ́ náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbà láti san £865,000 fún Royal Niger Company nítorí àṣẹ tí kọ́ńpìnnì náà fi ń ṣàkóso etí odò Ọya. Wọ́n tún fi kún un pé fún ọdún 99, ìdajì owó tí ìjọba bá ń gbà lórí ohun àlùmọ́nì ní apá kan ilẹ̀ Àríwá yóò máa lọ sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì náà. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ ìwé yẹn. Kò sí ẹni tí ń gbé etí odò yìí tí ó pe ohun tí wọ́n kọ, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n kí á sọ òdodo, kì í ṣe gbogbo gbèsè ni ó burú. Ní ọdún 1964, Báńkì Àgbáyé yá wa ní $82 mílíọ̀nù fún ìdídò Kàìnjí. Odò tí ń ṣàn kọjá níwájú wa yìí ni wọ́n dí lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣí ọ̀pọ̀ ènìyàn nípò, omi bo ìlú wọn, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ìyà wọn. Síbẹ̀, láti òpin ọdún 1968 ni iná ti ń ti ibẹ̀ wá, tí ó ń yí ẹ̀rọ ọlọ, tí ó ń tan mọ́sáláṣí. Aṣọ yìí dé orí àtẹ. Ẹni tí ó bá jẹ nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ tí ó ní òun kò níí san án, aláìṣòótọ́ ni. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ẹ wá wo Àjàòkúta tí kò jìnnà sí wa. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ IMF tàbí Báńkì Àgbáyé. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Soviet ni ìjọba wa bá ṣe àdéhùn ní ọdún 1979, Ààrẹ Shagari sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1980. Ìléru ńlá tí ó yẹ kí ó máa yọ́ irin níbẹ̀ kò tíì yọ́ irin kankan rí. Síbẹ̀ náà, ní ọdún 2022, ìjọba gbà láti san $496 mílíọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ ará Íńdíà kan nítorí àdéhùn lórí Àjàòkúta àti ohun tí ó so mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ti fagi lé láti ọdún 2008. Ẹ lè wo aṣọ yẹn títí, ẹ kò níí rí i lórí àtẹ. Alámòójútó lè ba nǹkan jẹ́ láìsí òyìnbó IMF lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òkèèrè nìkan ni ẹ̀bi wà, kí ó rìn dé Àjàòkúta.

ÌWỌ̀FÀ AYÉ ÒDE ÒNÍ

Nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí owó èlé sì fò sókè ní Amẹ́ríkà, gbèsè há wa lọ́fun. Ní ọdún 1985, Ààrẹ Babangida ní kí ará ìlú jíròrò bóyá kí á gba owó IMF, nǹkan bí $2.5 bílíọ̀nù. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí. Ará ìlú ní àwọn kò fẹ́, ní oṣù kejìlá ìjọba sì ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, ètò SAP dé, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí IMF ń béèrè: kí náírà wálẹ̀, kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí ó ta àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ di ₦4.60 àti díẹ̀. Báńkì Àgbáyé fi nǹkan bí $450 mílíọ̀nù ti ètò náà lẹ́yìn. Ní ọdún 1989, ìwọ́de lòdì sí SAP gba ìgboro, ẹ̀mí sì ṣòfò. Owó IMF tí a ní a kò fẹ́, a kò gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ó so mọ́ ọn wọlé tọ̀ wá.

Àwọn baba ńlá wa mọ irú èyí. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Bí bàbá bá yáwó, yóò fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì níí dín ohunkóhun kù nínú owó náà, nítorí pé èlé ni iṣẹ́ náà. Bí ó ṣe é fún ogún ọdún, gbogbo owó ṣì dúró digbí. Àṣà yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, lẹ́yìn ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ní Okinawa ní ilẹ̀ Japan, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ pé gbogbo ohun tí a yá títí di 1985 tàbí 1986 tó nǹkan bí $5 bílíọ̀nù, pé a ti san nǹkan bí $16 bílíọ̀nù, wọ́n sì tún ń sọ pé a ṣì jẹ nǹkan bí $28 bílíọ̀nù. Bí èyí kì í bá ṣe ìwọ̀fà, kí ni orúkọ rẹ̀?

Ní ọdún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club gbà láti fi $18 bílíọ̀nù jì wá bí a bá san $12 bílíọ̀nù. Kí wọ́n tó gbà, IMF ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ètò ọrọ̀ ajé wa. A san án tán ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Lẹ́yìn náà a tún padà síbẹ̀. Ní ọdún 2020, ní àkókò àrùn Kòrónà, IMF yá wa ní $3.4 bílíọ̀nù, a sì dá owó náà padà tán ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦480 ní báńkì kọjá ₦1,400 láàárín ọdún kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $2.25 bílíọ̀nù láti fi ti ètò náà lẹ́yìn.

Ọwọ́ ìjọba wa ni ó fọwọ́ sí i, ìmọ̀ràn àwọn àjọ méjèèjì sì ni láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ náà ń jẹ ìjọba run, àwọn ọlọ́rọ̀ àti onífàyàwọ́ ni ó sì ń jẹ ẹ́ jù. N kò pe ìyẹn ní irọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin sùúrù tí ó wà nínú áyà 280 kò hàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ara ń ni, wọn kì í já ọ̀pá tí ó fi ń tilẹ̀ gbà kí wọ́n tó wá igi mìíràn fún un.

ÌDÁJỌ́ NÁÀ

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n dá ẹjọ́ mi. Èkíní, gbèsè tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, gbèsè wa ni, kí á san án. Mùmìní kì í sá fún àdéhùn.

Èkejì, ohun tí alámòójútó jẹ, òun ni ó jẹ ẹ́. Kí á wá a nínú ogún rẹ̀, ibikíbi tí ó bá fi pamọ́ sí. Ní ọdún 2017, ilẹ̀ Switzerland gbà láti dá $321 mílíọ̀nù padà nínú owó tí wọ́n kó lọ ní ìgbà Abacha. Èyí fi hàn pé owó tí a ń sọ pé ó ti sọnù, inú báńkì àwọn tí ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìnáwó ni ó lọ jókòó sí.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì yáni, kí ó forí fá a. Ẹni tí ó bá yá ìjọba tí ará ìlú kò yàn lówó, tí ó rí i pé owó kò dé ibi tí ó ń lọ, tí ó tún yá a nítorí pé orílẹ̀-èdè kì í sá lọ, èrò ọkàn mi lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ òrukàn yẹn gan-an ni. Bí ó bá tún wá fi èlé lé e, èlé yẹn kì í ṣe gbèsè lójú Ọlọ́hun rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Àáfà, bí a bá ń dá ẹjọ́ báyìí, ta ni yóò tún yá wa lówó?" Mo dáhùn pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun lè forí fá àṣìṣe òun, yóò wo ojú ẹni tí òun ń yá dáadáa. Láti ọjọ́ ẹjọ́ mi, n kò tà láwìn fún alámòójútó mọ́ láìrí àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù. Ọjà mi kò wọ̀. Ọ̀nà mìíràn sì wà. Ní ọdún 2017, ìjọba gba ₦100 bílíọ̀nù nípa súkúùkù. Nínú ètò yẹn, ẹni tí ó mú owó wá ní ìpín nínú iṣẹ́ kan pàtó, owó ìyálò ni ó ń gbà, kì í ṣe èlé. Ojú ọ̀nà 25 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún owó náà, ọ̀nà Abuja sí Lọ́kọ́ja àti Lọ́kọ́ja sí Benin sì wà lára wọn. Mo mọ̀ pé ihò pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n o lè dúró lójú titi kí o fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n ní àwọn fi owó ṣe, kí o sì béèrè ìyókù.

Kí á tó sọ òkò sí olówó Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí á wo inú ilé. Nígbà tí náírà já ní ọdún 2023, àwa kan kó ọjà àtijọ́ jáde ní iye tuntun ní ọjọ́ kejì. Àwọn kan nínú wa ń yá àwọn ìyá tí ń ta ẹja àti ata lówó èlé, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á. IMF kékeré ni irú àwa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mú sùúrù fún aládùúgbò rẹ̀ kò lẹ́nu láti bẹ àgbáyé fún sùúrù. Ẹ jẹ́ kí á máa kọ gbèsè wa sílẹ̀, kí á máa wá ẹlẹ́rìí, kí á fún ẹni tí ara ń ni láàyè. Bí wọ́n bá sì wá fún ìbò wa, láti ìjọba ìbílẹ̀ dé òkè, kí á bi wọ́n léèrè irú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí lórúkọ àwọn ọmọ wa.

Ní ti ọmọ tí ó béèrè, èsì rẹ nìyí. Ọmọ mi, wọn yóò kírun sí ọ lára. Ọlọ́hun kò níí bi ọ́ léèrè ẹrù tí ìwọ kò dì. Ṣùgbọ́n o ń dàgbà, o sì ti mọ̀wé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ ṣe alámòójútó tí o jẹ ẹ́, tàbí tí o rí ẹni tí ń jẹ ẹ́ tí o sì dákẹ́ nítorí pé ó ń bù fún ọ, ọjọ́ náà ni gbèsè yẹn di tìrẹ.

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè ọrùn wa kí ọjọ́ wa tó pé. Kí Ó má fi wá ṣe ìwọ̀fà ẹnikẹ́ni, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe ìwọ̀fà. Kí Ó fún wa ní àwọn alámòójútó tí wọ́n bẹ̀rù Rẹ̀. Àmín.